Epo Ẹja àti Ìnira Tó Ń Ṣáájú Nǹkan Oṣù

Epo tí wọ́n ń yọ láti inú ẹ̀dọ̀ ẹja kóòdù ti jẹ́ oògùn ilé fún àwọn apẹja ìhà àríwá Yúróòpù tipẹ́tipẹ́ kí dókítà kankan tó kọ ọ́ sínú ìwé. Wọ́n fi tan àtùpà, wọ́n fi kun awọ kó lè rọ̀, wọ́n fi ra oríkèé tó ń dunni, wọ́n fún ọmọ tí egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ mu, wọ́n sì fún ẹni tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti sọ di eegun lásán. Síbẹ̀, ọ̀rúndún ogún ti parí kí ẹnikẹ́ni tó jókòó ti ìbéèrè kan dáadáa: ǹjẹ́ ẹja àti epo inú rẹ̀ lè dín ìnira tí obìnrin ń rí ní àwọn ọjọ́ tó ṣáájú nǹkan oṣù rẹ̀ kù? Kì í ṣe pé ẹja wọ́n ló fa ìdádúró náà, ìnira yìí kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sáyé. Àwọn tó ń wádìí ẹja kì í bi obìnrin léèrè nípa nǹkan oṣù. Àwọn tó ń tọ́jú obìnrin kì í sì í wo inú abọ́ tó fi ń jẹun.

Lofoten, àwọn erékùṣù kan ní òkè àríwá Norway, ni ìtàn epo náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù. Lọ́dọọdún, láti oṣù kìíní sí oṣù kẹrin, ẹja kóòdù ńláńlá a máa ti Òkun Barents rìn wá síbẹ̀ láti wá yé ẹyin. Láti ayé àwọn Viking ni àwọn apẹja ti ń lúgọ dè wọ́n. Wọn a gé orí ẹja, wọn a yọ ohun inú rẹ̀, wọn a so ó ní méjìméjì ní ìrù, wọn a sì fi í kọ́ sórí igi níta gbangba. Iyọ̀ kì í kàn án, iná kì í kàn án. Afẹ́fẹ́ tútù nìkan ló ń gbẹ ẹ́ fún oṣù mélòó kan títí yóò fi le gbagidi. Ohun tó ń tibẹ̀ jáde ni pánlá. Láti nǹkan bí ọdún 1360 ni àwọn oníṣòwò Jámánì ti ẹgbẹ́ Hansa ti fìdí kalẹ̀ sí Bergen, wọ́n ń fi ọkà pààrọ̀ pánlá, wọ́n sì ń kó o lọ sí ìlú tí àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì ti nílò oúnjẹ tí kì í ṣe ẹran lọ́jọ́ ààwẹ̀. Òwò yìí kan náà ló nawọ́ dé Nàìjíríà ní ọ̀rúndún ogún, tó sì túbọ̀ gbilẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n fi pánlá ṣe oúnjẹ ìrànwọ́ nígbà ogun abẹ́lé ọdún 1967 sí 1970.

Ohun kan wà nípa kóòdù tó ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹja náà kì í kó ọ̀rá sínú ẹran ara rẹ̀. Inú ẹ̀dọ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀ sí. Nítorí náà, pánlá tó ń dé ọjà Èkó ti fi epo rẹ̀ sílẹ̀ ní Norway. Àwọn apẹja a máa kó ẹ̀dọ̀ náà sínú àgbá, wọn a fi í sílẹ̀ títí yóò fi rà, epo a sì máa léfòó sókè díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá kọ́kọ́ jáde a mọ́ díẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e a pọ́n. Èyí tó kẹ́yìn, tí wọ́n fi iná sè jáde lára ìgẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, a dúdú, a sì máa rùn débi pé ẹni tí kò mọ́ lára kò lè gbé e sún mọ́ imú. Àwọn ará etíkun kì í fi ti òórùn ṣe. Wọ́n tún máa ń jẹ ẹ̀dọ̀ náà ní tútù yọ̀yọ̀ lọ́jọ́ tí ẹja bá wọlé: wọn a se ẹja, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ àti ẹyin rẹ̀ pọ̀, oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní mølje, tí àwọn ará Norway ṣì ń jẹ ní ìgbà òtútù dòní. Ní ilẹ̀ tí oòrùn kì í ti í yọ rárá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú ọdún, oúnjẹ yìí ló ń fún ara ní fítámì D tí awọ ara kò rí gbà lára oòrùn. Àwọn tó ń jẹ ẹ́ kò mọ orúkọ fítámì kankan. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó jẹ ẹ́ a máa lókun.

Ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn dókítà ilé ìwòsàn Manchester ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fún àwọn aláìsàn tí làkúrègbé ń bá jà ní epo ẹ̀dọ̀ kóòdù, Thomas Percival sì wà lára àwọn tó kọ nípa rẹ̀. Ẹni tó sọ ọ́ di oògùn tí gbogbo ayé gbọ́ nípa rẹ̀ ni John Hughes Bennett, tó kàwé ní Edinburgh, tó lọ rí bí àwọn dókítà Jámánì ṣe ń lò ó, tó sì tẹ odidi ìwé kan jáde lórí epo náà ní ọdún 1841. Ní 1853, Peter Möller, apoògùn ará Norway, ronú kan ọ̀nà tuntun: ó ń lo ẹ̀dọ̀ tí kò tíì bàjẹ́, ó sì ń fi ooru omi gbígbóná yọ epo rẹ̀ kíá. Epo tó mọ́, tí òórùn rẹ̀ kéré, tó sì ṣeé mu, ló tibẹ̀ jáde. Ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, Alfred Scott àti Samuel Bowne ní New York po epo náà mọ́ àwọn nǹkan mìíràn títí ó fi funfun bíi wàrà, wọ́n sì fi àwòrán ọkùnrin tó gbé ẹja ńlá kọ́ ẹ̀yìn ṣe àmì rẹ̀. Ìgò Scott's Emulsion yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi mọ adùn epo ẹja lẹ́nu, nítorí àwọn ìyá gbà pé ó ń mú ọmọ jẹun, ó sì ń mú egungun le.

Wọn kò ṣì í. Ní 1919, Edward Mellanby ní London fi àwọn ọmọ ajá dán an wò, ó sì rí i pé epo ẹ̀dọ̀ kóòdù ń dènà àrùn tó ń tẹ egungun. Ní 1922, Elmer McCollum àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Baltimore fi hàn pé ohun kan tó yàtọ̀ sí fítámì A ló wà nídìí iṣẹ́ náà, wọ́n sì pè é ní fítámì D. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń pín epo náà fún àwọn ọmọdé àti àwọn aláboyún. Ó ṣe kedere pé obìnrin wà lára àwọn tí wọ́n rò mọ́ epo ẹja, ṣùgbọ́n nítorí ọmọ inú wọn ni. Ohun tó ń ṣe obìnrin fúnra rẹ̀ lóṣooṣù kò sí nínú ìrònú wọn.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ìtàn bí ìmọ̀ ìṣègùn ilẹ̀ òyìnbó ṣe tọ́jú ìnira nǹkan oṣù kò dùn ún gbọ́. Ní 1872, Robert Battey, oníṣẹ́ abẹ kan ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í gé ilé ẹyin àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù ń yọ lẹ́nu kúrò, bí ilé ẹyin náà tilẹ̀ dá ṣáká. Iṣẹ́ abẹ náà tàn ká Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, ó sì gba ẹ̀mí àwọn kan lára àwọn tí wọ́n ṣe é fún. Àwọn tó bẹ̀rù ọ̀bẹ lọ ra oògùn inú ìgò. Lydia Pinkham, ará Lynn ní Massachusetts, bẹ̀rẹ̀ sí í ta oògùn egbò àti ewé rẹ̀ ní 1875 fún inú rírun àti àìrọgbọ obìnrin. Ọtí inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú márùn-ún. Àwọn obìnrin ra á lọ bí ẹni ń ra omi. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: ìyá yẹn ń bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ń ṣe wọ́n, ó sì ń rọ̀ wọ́n láti kọ lẹ́tà sí i, nígbà tí ọ̀pọ̀ dókítà ń sọ pé orí wọn ló dàrú.

Ọdún 1931 ni ìyípadà àkọ́kọ́ dé. Robert Frank, dókítà tó ń tọ́jú àwọn obìnrin ní New York, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nípa obìnrin 15 tí ara wọn kì í lélẹ̀ ní ọjọ́ méje sí mẹ́wàá ṣáájú nǹkan oṣù: ìkanra, àìfararọ, ìbànújẹ́ tí kò nídìí, ara wíwú. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń jáde báyìí, gbogbo rẹ̀ a lọ. Frank di ẹ̀bi ru họ́móònù, èyí tó jẹ́ ìtẹ̀síwájú, àmọ́ fún àwọn tí tiwọn le jù, ìtànṣán X-ray ló fi ń jó ilé ẹyin wọn. Ní ọdún kan náà, Karen Horney, onímọ̀ nípa ọkàn ọmọ ilẹ̀ Jámánì, kọ nípa ìnira yìí láti ọ̀nà tirẹ̀. Ó di 1953 kí Raymond Greene àti Katharina Dalton tó kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé àìfararọ ọkàn nìkan kọ́ ni ọ̀ràn náà. Wọ́n kó orí fífọ́, ọmú dídùn, inú wíwú, àárẹ̀ àti ìkanra pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Dalton ní ìdí tirẹ̀ láti fiyè sí i: ó ti kíyè sí i pé túúlu tó máa ń bá òun jà ṣáájú nǹkan oṣù kúrò nígbà tí òun lóyún. Ó fi ìyókù ayé rẹ̀ tọ́jú irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ ní London. Progesterone ló gbà pé ó wo ìnira náà sàn, àwọn ìwádìí tó tẹ̀ lé e kò sì gbè é lẹ́yìn lórí ìyẹn. Ohun tó ṣe tí kò ṣeé gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé ó ní kí obìnrin máa kọ ọjọ́ tí nǹkan ń ṣe é sílẹ̀, ó sì gba ohun tó bá kọ gbọ́.

Ó yẹ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀ níhìn-ín, nítorí àwọn èèyàn sábà ń pa wọ́n pọ̀. Ìnira tó ń ṣáájú nǹkan oṣù a máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹyin bá ti jáde, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ yóò dé, a sì máa tán bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dé tàbí ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Inú rírun ti nǹkan oṣù gan-an ní tirẹ̀ a máa bá ẹ̀jẹ̀ náà rìn. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń rí méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń fà wọ́n kò rí bákan náà, ìmọ̀ nípa ẹja sì kọ́kọ́ gba ojú ọ̀nà inú rírun wọlé.

Ọ̀nà náà bẹ̀rẹ̀ níbi tí kò ti sẹ́ni tó ń rò nípa ẹja. Ní 1929, George àti Mildred Burr, tọkọtaya onímọ̀ ní Yunifásítì Minnesota, fún àwọn eku ní oúnjẹ tí kò ní ọ̀rá rárá. Awọ ara àwọn eku náà bẹ̀rẹ̀ sí í ya, wọn ò sì lè bímọ dáadáa mọ́. Títí di ìgbà yẹn, àwọn onímọ̀ gbà pé ọ̀rá kò ju ohun ìdáná fún ara lọ. Tọkọtaya yìí fi hàn pé oríṣi ọ̀rá kan wà tí ara kò lè dá ṣe, tó jẹ́ inú oúnjẹ nìkan ló ti lè rí i. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Raphael Kurzrok àti Charles Lieb ní New York rí i pé àtọ̀ ọkùnrin lè mú kí iṣan ilé ọmọ fún tàbí kó dẹ̀. Ulf von Euler ní Sweden tọ ipa ohun tó ń ṣe iṣẹ́ náà ní 1935, ó sì rò pé inú ẹ̀yà ara ọkùnrin tó ń jẹ́ prostate ló ti ń wá. Ìdí nìyẹn tó fi pè é ní prostaglandin.

Vernon Pickles, ní Yunifásítì Sheffield, ló yí ojú ìwádìí náà sí obìnrin. Ó ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ì bá kà sí ìríra: ó gba ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù lọ́wọ́ àwọn obìnrin, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ní 1957, ó kéde pé ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń mú kí iṣan fún. Prostaglandin ni. Nígbà tó di 1965, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé nǹkan náà pọ̀ lára àwọn obìnrin tí inú ń run ju bó ṣe pọ̀ lára àwọn tí inú kì í run lọ. Nǹkan ńlá ni ìwádìí yìí. Fún ìgbà àkọ́kọ́, inú rírun tí wọ́n ti ń sọ pé àròsọ ni, tàbí pé ìwà ìkẹ́ra-ẹni-bàjẹ́ ni, di ohun tí wọ́n lè wọ̀n nínú ìgò. Kò jọ pé ayé ìṣègùn kíyè sí i tó bó ṣe yẹ nígbà yẹn.

Láàárín ìgbà náà, Sune Bergström ní Stockholm ti ya prostaglandin sọ́tọ̀ ní mímọ́, ní 1964 sì ni òun, àti David van Dorp ní Netherlands lọ́tọ̀, fi hàn pé inú ọ̀rá ni ara ti ń ṣe é: ásíìdì kan tó ń jẹ́ arachidonic, tó wà nínú ìwọ̀ gbogbo sẹ́ẹ̀lì. Ní 1971, John Vane ní London ṣàlàyé pé ohun tí asipirín-ìn ń ṣe gan-an ni pé ó ń dí ọ̀nà tí ara ń gbà ṣe prostaglandin. Bergström, Bengt Samuelsson àti Vane jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1982. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé ọmọ ṣeé tò bí ẹni ka ìwé. Bí nǹkan oṣù bá ku díẹ̀ kó dé, họ́móònù progesterone a já wálẹ̀. Ìwọ̀ ilé ọmọ a tú ásíìdì arachidonic sílẹ̀. Ìyẹn a di prostaglandin. Iṣan ilé ọmọ a fún le, òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a há, inú a sì máa run. Bí ọ̀rá mìíràn bá wà nínú ìwọ̀ sẹ́ẹ̀lì tó lè gba ipò arachidonic, prostaglandin tí yóò jáde kò ní lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí jù lọ ni inú ẹja òkun.

Ọ̀dọ̀ àwọn Inuit, àwọn èèyàn tó ń gbé ní ilẹ̀ yìnyín òkè àríwá, ni wọ́n ti mọ ìyẹn. Hugh Sinclair, onímọ̀ oúnjẹ ní Oxford, ti rí wọn ní Canada nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì ti kọ̀wé ní 1956 pé ọ̀rá tí wọ́n ń jẹ lè jẹ́ ìdí tí àrùn ọkàn kò fi wọ́pọ̀ láàárín wọn. Díẹ̀ ló dá a lóhùn. Ní 1970, Hans Olaf Bang àti Jørn Dyerberg, àwọn dókítà láti Aalborg ní Denmark, pẹ̀lú Aase Brøndum Nielsen, rin ìrìn àjò lọ sí àgbègbè Uummannaq ní ìwọ̀-oòrùn Greenland, wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ èèyàn 130, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ẹran séèlì, ẹja àti àbùùbùtán ni oúnjẹ àwọn èèyàn náà. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò, ọ̀rá ómẹ́gà-3, pàápàá àwọn méjì tí ìkékúrú wọn ń jẹ́ EPA àti DHA, pọ̀ nínú rẹ̀ ju bó ṣe wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Denmark lọ fíìfíì. Sinclair, tó ti dàgbà nígbà yẹn, fi ara rẹ̀ dán an wò ní 1979: fún 100 ọjọ́, séèlì, ẹja àti àwọn ẹ̀dá òkun mìíràn nìkan ló jẹ. Bí wọ́n bá gún un lábẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a máa pẹ́ kó tó dá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ gan-an.

Ọ̀rọ̀ àrùn ọkàn ni gbogbo ayé gbọ́ nínú ìtàn Greenland, ọkùnrin tó ti lé ní ogójì ọdún ni wọ́n sì kọ́kọ́ rò pé ó kàn. Àwọn onímọ̀ mìíràn ti ṣàtakò lẹ́yìn náà, pàápàá ní 2014, pé Bang àti Dyerberg kò wádìí iye àwọn tí àrùn ọkàn ń ṣe ní Greenland fúnra wọn, àkọsílẹ̀ tí kò péye ni wọ́n gbára lé. Àtakò náà tọ́. Ohun tí kò sí àríyànjiyàn lé lórí ni èyí tó kan àwọn obìnrin jù: pé ẹni tó bá ń jẹ ẹja òkun púpọ̀, ọ̀rá inú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ a máa yí padà. Àwọn obìnrin wà lára àwọn 130 wọ̀nyẹn. Nǹkan oṣù wọn kò sí lára ohun tí àwọn àlejò náà wá wò.

Bente Deutch, obìnrin onímọ̀ ní Aarhus ní Denmark, ló béèrè. Ní 1995, ó tẹ ìwádìí kan jáde tó ṣe láàárín obìnrin 181 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 20 àti 45. Wọ́n kọ ohun tí wọ́n ń jẹ sílẹ̀, wọ́n sì kọ bí inú ṣe ń run wọ́n. Àwọn tí ọ̀rá ẹja pọ̀ nínú oúnjẹ wọn, tí òróró irúgbìn kò sì bò ó mọ́lẹ̀, ni inú rírun wọn kéré. Ìwádìí irú èyí kò lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹja ló ṣe é, nítorí ẹni tó ń jẹ ẹja lè yàtọ̀ sí ẹlòmíràn ní ọ̀nà púpọ̀. Láti mọ̀ dájú, wọ́n ní láti fún àwọn kan ní epo ẹja, kí wọ́n sì fún àwọn kan ní ohun tó jọ ọ́. Zeev Harel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cincinnati ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1996 fún ọmọbìnrin 42 tí wọn kò tíì kúrò ní ọ̀dọ́langba. Ìdajì wọn lo kápúsù epo ẹja fún oṣù méjì, wọ́n sì lo ti òfìfo fún oṣù méjì. Ìdajì kejì bẹ̀rẹ̀ láti orí ti òfìfo. Ìrora wọn dín kù gan-an ní oṣù tí wọ́n fi lo epo ẹja. Ní 2000, Deutch padà pẹ̀lú obìnrin 78: ó fún àwọn kan ní epo ẹja, àwọn kan ní epo séèlì, àwọn kan ní epo ẹja tó ní fítámì B12 nínú. Ara tu àwọn tó gba epo wọ̀nyí. Oúnjẹ Greenland ti wá bọ́ sọ́wọ́ àwọn obìnrin lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún.

Ìnira tó ń ṣáájú nǹkan oṣù fúnra rẹ̀ dúró pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2013, àwọn olùwádìí ní Iran tẹ ìwádìí kan jáde lórí obìnrin 124, tí wọ́n fún àwọn kan nínú wọn ní gíráàmù méjì ómẹ́gà-3 lójúmọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ 45, ìbànújẹ́ ọkàn, àníyàn, àìlèpọkànpọ̀ àti inú wíwú ti fúyẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ 90, àìfọ̀kànbalẹ̀, orí fífọ́ àti ọmú dídùn náà ti dín kù. Bí ẹja ṣe ń ṣe èyí kò hàn kedere tó ti inú rírun. Prostaglandin lè ní ọwọ́ nínú ọmú dídùn àti orí fífọ́, ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ àti ìkanra jẹ́ ti ọpọlọ, DHA sì wà lára ọ̀rá tí ọpọlọ fi mọ ara rẹ̀ jù lọ. Ẹja tún ní ohun mìíràn yàtọ̀ sí ómẹ́gà-3. Ní 1998, Susan Thys-Jacobs àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún obìnrin 466 ní kálísíọ̀mù 1,200 mílígíráàmù lójúmọ́ tàbí ohun òfìfo. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìnira àwọn tó lo kálísíọ̀mù ti fi ìdá 48 nínú 100 dín kù, ti àwọn yòókù fi ìdá 30. Ní 2005, Elizabeth Bertone-Johnson fi hàn láàárín àwọn nọ́ọ̀sì Amẹ́ríkà pé àwọn tí kálísíọ̀mù àti fítámì D pọ̀ nínú oúnjẹ wọn kì í sábà ní ìnira náà. Sàdíìnì inú agolo, tí wọ́n ń jẹ teegun-teegun, ní méjèèjì.

Àyẹ̀wò tó kó gbogbo ìwádìí jọ ti mú kí ohùn rọlẹ̀ díẹ̀. Ní 2016, àjọ Cochrane wo ìdánwò 27 lórí àwọn ohun àfikún oúnjẹ fún inú rírun nǹkan oṣù, wọ́n sì sọ pé kò sí ẹ̀rí tó lágbára fún èyíkéyìí nínú wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé epo ẹja wà lára àwọn díẹ̀ tí ẹ̀rí fẹ́ẹ́rẹ́ wà fún. Àkójọ mìíràn ní 2022, lórí ìnira tó ń ṣáájú nǹkan oṣù, rí i pé ómẹ́gà-3 ń dín in kù, ṣùgbọ́n àwọn ìdánwò tó kó jọ kéré, wọn ò sì rí bákan náà. Ẹ̀rí náà kéré nítorí pé owó àti àkókò tí wọ́n ná lórí ìbéèrè yìí kéré. Nígbà tí ìdánwò epo ẹja fún ọkàn ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, ti nǹkan oṣù ń gba obìnrin mélòó kan péré, àìdọ́gba yìí sì yẹ kó dun gbogbo ẹni tó ní ìyá, ìyàwó tàbí ọmọbìnrin.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, irú ẹja tó bá wọ ìkòkò ló ṣe kókó. Àwọn ọmọbìnrin Cincinnati ń gba EPA àti DHA tó jẹ́ 1,800 mílígíráàmù lójúmọ́. 100 gíráàmù ẹja Titus tútù lè ní tó gíráàmù méjì. Ṣàwá náà jẹ́ ẹja ọlọ́ràá. Pánlá kò ní púpọ̀, nítorí ibi tí kóòdù kó ọ̀rá sí, ẹja àrọ̀ tí wọ́n ń sìn nínú adágún kò sì lè bá ẹja òkun dọ́gba lórí ọ̀rá yìí. Sísè tàbí yíyan dára ju dídín lọ, nítorí òróró tí wọ́n fi ń dín ẹja sábà kún fún ómẹ́gà-6, ìdílé ọ̀rá kan náà tí arachidonic ti ń wá. Epo ẹ̀dọ̀ kóòdù ní tirẹ̀ kún fún fítámì A, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fún aláboyún àti ẹni tó ń retí oyún pé kí wọ́n má ṣe mu ún, nítorí àpọ̀jù fítámì náà lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá. Àwọn ẹja ńláńlá tó ń pa ẹja mìíràn jẹ, bí ẹja ekurá, a máa kó mákúrì sára. Àwọn kéékèèké tó ń rìn lọ́wọ̀ọ́wọ́ kò ní in tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń lo oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn ní láti bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó lo kápúsù epo ẹja. Nínú ìdánwò tó yọrí sí rere, oṣù méjì sí mẹ́ta ni wọ́n fi lò ó, nítorí ọ̀rá inú ìwọ̀ sẹ́ẹ̀lì kì í yí padà láàárín ọjọ́ díẹ̀: ẹja tí obìnrin bá jẹ lóṣù yìí, ìtura rẹ̀ lè di oṣù tó ń bọ̀ tàbí èyí tó tẹ̀ lé e kó tó hàn.